Ọ̀rọ̀ Tí Àǹtí Mi Sọ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Àǹtí Ràbì ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Bí mo bá wọ agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Gángan, tí mo kúnlẹ̀, tí mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Àǹtí mi," yóò ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ilé ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́?" Yóò fún mi ní àga, yóò bu omi fún mi mu. Ó parí náà nìyẹn. Kì í bú mi, kì í fajú ro sí mi, kò sì ní sọ ohunkóhun tó kọjá èyí tí ènìyàn ń sọ fún àlejò tó yà béèrè ọ̀nà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin tó ti rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí ló tọ́ mi dàgbà, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í bá mi sọ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ohun tó wà láàárín wa jẹ́, ìwé ni mo sì ń kà nígbà tí mo bà á jẹ́. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ìyá mi kú. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, kì í gbélé, nítorí náà àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ràbì yìí, mú mi lọ sí ilé ọkọ rẹ̀. Bọ́tìnnì, òwú ìránṣọ àti síìpù ló ń tà ní Ìdúmàgbò. Ọkọ rẹ̀ ń tún aago ṣe, ìsọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé. Bàbá Rísì ni gbogbo wa ń pè é, nítorí Rísíkátù, àkọ́bí wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a jẹ́ pé nǹkan ńlá ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún Rísì ni wọ́n ń ṣe fún mi. Àwọn méjèèjì ló rán mi ní ilé ìwé títí mo fi gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, tí mo fi ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan, níbi tí mo ti ń kọ ìkéde.

Iṣẹ́ yẹn ló mú kí n padà lọ kàwé gba másítàsì. Ìbánisọ̀rọ̀ elétò ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ń kọ́ wa bí a ṣe lè gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀ tí ẹni tó gbọ́ ọ yóò fi ṣe ohun tí a fẹ́ kó ṣe. Ta là ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ń bẹ̀rù? Ẹnu ta ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó gbà á gbọ́? Ìgbà wo ni etí rẹ̀ ṣí sílẹ̀? Àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, àwọn ló ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ṣùgbọ́n èmi rò pé ohun tuntun ni mo ń kọ́. Ó yẹ kí n fi ọdún kan àbọ̀ parí ẹ̀kọ́ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ti yunifásítì pa, tí àwọn olùkọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́ta.

Nígbà tó kan iṣẹ́ ìwádìí tí n óò fi gba oyè, mo ní mo fẹ́ mọ ìdí tí àwọn ìyá ní àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kì í fi í gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo tẹ fọ́ọ̀mù ìbéèrè rẹpẹtẹ. Mo gbé e rìn láti Ìdúmàgbò dé ẹ̀yìn Ìgà, ààfin ọba. Obìnrin tí mo bá bi ní, "A ti gbà á." Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ a ní, "Àwa náà ti gbà á." Bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò sọ fún mi pé òun a máa jókòó láàárọ̀ títí òun óò fi máa tòògbé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wo àwọn fọ́ọ̀mù náà, ó tì wọ́n padà sí mi. Ó ní, "Ẹni ìjọba ni wọ́n kà ẹ́ sí. Lọ wá ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ òótọ́ fún ẹ."

Ta ni n bá tún wá ju Àǹtí Ràbì lọ? Mo yá ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo lọ bá a ní ọ̀sán Jímọ̀ kan lẹ́yìn ìrun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò ni yóò sọ fún mi. Ó ń ṣa bọ́tìnnì sínú agolo ní àwọ̀ àwọ̀. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó ní, "Ṣé ó ti ń gbà á?" Mo ní, "Ó ti ń gbà á." Ó tún ṣa bọ́tìnnì díẹ̀ sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Mùtíù.

Mùtíù ni àbíkẹ́yìn wọn. Èéyi ló pa á kó tó pé ọmọ ọdún méjì, nígbà tí mo wà ní ìparí sẹ́kọ́ńdírì. Gbogbo agboolé ló rántí ọmọ náà nítorí ohun kan. Bí ó bá ti gbọ́ ìpè ìrun, yóò sáré lọ gbé bàtà bàbá rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé. Bàbá Rísì, tí kì í sọ̀rọ̀, a dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, a ní, "Alàájì kékeré, ó ku ọ̀kan." Ọmọ náà a tún sáré padà.

Àǹtí mi ní nọ́ọ̀sì ti fún òun ní kààdì, ó sì ti sọ fún òun pé kí òun gbé Mùtíù wá fún abẹ́rẹ́ èéyi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjà dé láti Kùtọnu. Bí òun ò bá tètè dé ibi tí wọ́n ti ń já ẹrù náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun á ti ṣa èyí tó dára lọ. Òun ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun óò lọ. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Rísì béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti gún un?" Òun ní, "Wọ́n ti gún un." Nígbà tí òun ti wí bẹ́ẹ̀, báwo ni òun óò ṣe tún gbé ọmọ jáde lọ́sẹ̀ kejì? Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni èéyi wọ àdúgbò. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ náà tán, Bàbá Rísì sọ fún òun pé, "A ṣe èyí tó yẹ ká ṣe. Kádàrá ni." Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti dárúkọ Mùtíù, gbólóhùn yẹn náà ló ń sọ. Àǹtí mi ní, "Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti ń fi tù mí nínú. Ibi tó ti ń tù mí gan-an ló ti ń dùn mí."

Ó ní kí n pa ẹ̀rọ náà. Mo pa á. Ó ní, "Bàbá Rísì ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Mo ní, "Àǹtí mi, mi ò ní dárúkọ yín. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni tó máa wà níbẹ̀." Ó ní, "Mo mọ̀ pé o ò ní ṣe é." Ẹ kíyè sí ohun tó sọ àti ohun tí mo fi dá a lóhùn. Ó ní kí ọkọ òun má gbọ́. Èmi ṣèlérí orúkọ.

Ọ̀gá mi gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ rẹ nìyí." Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́, àwọn kan tó ń ṣètò ìlera wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ ní eré orí rédíò. Inú mi dùn. Mo yí orúkọ padà. Mo sọ oníbọ́tìnnì di ẹni tó ń ta abọ́, mo gbé e kúrò ní Ìsàlẹ̀ Gángan lọ sí àdúgbò tí kò sí. Ẹni tó ń darí eré náà kà á, ó ní gbogbo rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì ní ẹ̀mí. Kí ni olùgbọ́ yóò fi rántí rẹ̀? Wọ́n sì ti kọ́ wa ní kíláàsì pé ènìyàn kì í sunkún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń sunkún rẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ẹsẹ̀ bàtà kan sí i.

Ṣé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe ni? Mo mọ̀ ọ́n. Mo ń sọ fún ara mi pé Bàbá Rísì kì í gbọ́ eré, ìròyìn nìkan ló ń gbọ́. Bẹ́ẹ̀ èmi náà ni mo kọ ọ́ sínú ètò pé ẹ̀yìn ìròyìn ọ̀sán ló yẹ kí eré náà máa wáyé, nítorí ọwọ́ àwọn bàbá ni rédíò máa ń wà nígbà yẹn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Rísì ló wá bá mi ní ọ́fíìsì, ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, gbogbo ilé wà ní ojúde. Ìròyìn parí, Bàbá Rísì kò tíì pa rédíò. Nígbà tí wọ́n dé ibi bàtà, ìyàwó ilé kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ gbọ́, bíi ti Mùtíù." Lẹ́yìn náà kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín. Bàbá Rísì gbọ́ ọ títí tó fi parí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ràbì, ṣé wọ́n gún ọmọ yẹn?" Àǹtí mi ní, "Wọn ò gún un." Ó pa rédíò náà. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń sọ fún Ọlọ́run pé mo gbà. Mi ò mọ ohun tí mò ń gbà."

Kò bú u, kò kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó kó irinṣẹ́ aago rẹ̀ àti aṣọ díẹ̀ lọ sí ilé bàbá rẹ̀ nítòsí Ìgà Ìdúngánràn, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ nínú ẹbí, yóò wá, yóò jókòó ti ìyàwó rẹ̀, yóò sì padà síbi tó ti wá. Nígbà tí mo lọ bẹ Àǹtí mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Ó fọwọ́ gbé mi dìde. Ó ní, "O ò dárúkọ mi. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O ò dárúkọ mi." Kò tún sọ̀rọ̀ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

N kò ní parọ́ fún yín pé eré náà kò ṣe rere. Nọ́ọ̀sì tó ń tòògbé yẹn sọ fún mi pé àwọn ìyá tò títí dé ẹ̀bá títì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọmọ oníbàtà. Rísì náà gbé ọmọ tirẹ̀ lọ. Mo gba oyè mi. Àǹtí mi kò wá síbẹ̀.

Ní ọdún yìí, àwọn tó ń ṣètò ìlera yẹn ní àwọn fẹ́ tún eré náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní n óò kọ́kọ́ gbàṣẹ. Mo lọ bi Àǹtí mi. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé èmi lo wá ń bi báyìí? Lọ bi Bàbá Rísì." Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè lọ. Mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń tú aago ọwọ́ kan. Mo kúnlẹ̀, mo ròyìn. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí mo fi sọ tán.

Ó ní, "Nínú eré yẹn, mi ò gbọ́ ohùn bàbá ọmọ náà. Níbo ló wà lọ́jọ́ abẹ́rẹ́?"

Mo ní, "Mi ò kọ ọ́ sí i, sà."

Ó ní, "Kọ ọ́ sí i. Ìsọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí ilé ìwòsàn, ó lè gbé ọmọ náà lọ. Kò gbé e lọ. Kò tiẹ̀ ní kí wọ́n mú kààdì wá kí òun wò ó." Ó gbé aago náà sílẹ̀. "Kádàrá tí mò ń pè yẹn, èmi náà ni mo fi ń bo ara mi."

Mo bi í bóyá kí n sọ fún Àǹtí. Ó ní, "Rárá o. Bí ó bá máa gbọ́ ọ, ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ."

Mo kọ ọ́ bó ṣe wí. Wọ́n ti ṣe é lórí rédíò. Rísì ní bí ó bá ti tó àkókò, ìyá òun a wọlé, a tilẹ̀kùn. Oṣù márùn-ún rèé, Bàbá Rísì kò tíì lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Lóṣù tó kọjá, àìsàn dá ọkùnrin náà dúbúlẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀, ṣùgbọ́n apá àti ẹsẹ̀ òsì kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ tí kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì tún dín kù. Àǹtí mi ń gbé oúnjẹ lọ fún un, yóò sì padà sílé.

Ọ̀rọ̀ tó lè mú kí ẹrù ọkàn Àǹtí mi fúyẹ́ ti wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́, mo tún ti tú àṣírí ẹnì kejì nínú ilé tó tọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, ó lè jẹ́ pé Àǹtí mi yóò máa rò títí yóò fi kú pé òun nìkan ló jẹ̀bi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti gbé ayé jù mí lọ, ṣé kí n sọ fún un, àbí kí n dúró de ọkọ rẹ̀? Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí mi lọ́wọ́ jáde, mo ní yóò ṣe ẹlòmíràn lóore. Ó sì ṣe wọ́n lóore. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n mọ èyí tí n óò ṣe.