Òkúta Ṣékélì Abẹ́ Ibùsùn Mi

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Ijagba, ẹ má tíì dìde. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Ọdún mọ́kànlá péré ni tèmi lò, òtítọ́ ti lé e bá. Dókítà tó wà l'Ọ́wọ̀ ti sọ ohun tó fẹ́ sọ nípa àyà mi, n kò sì fẹ́ kí irọ́ yìí ṣe ìrọ̀rí mi nínú pósí. Èmi Christopher Fàsásì tí ẹ ń pè ní Olùkọ́, tí mo ń wọn kòkó fún yín, èké ni mí. Ẹ fọkàn balẹ̀, kòkó yín pé.

Ẹ rántí Sylvanus, tíṣà tó ti Àkókó wá ní ọdún 1986. Kí ó tó dé, èmi nìkan ni mo ń kọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Bí mo bá ka ṣékélì tàbí tálẹ́ńtì kan, n óò ní, "Owó àwọn Júù ni," n óò sì kọjá lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dé, ó ní òkúta ni àwọn Hébérù àtijọ́ fi ń wọn nǹkan. Ó ní ṣékélì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù mọ́kànlá ààbọ̀, àádọ́ta rẹ̀ ni mínà kan, ẹgbẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ ni tálẹ́ńtì. "Kílò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Ó fi díẹ̀ ju ìdajì àpò kòkó lọ." Ó tún ní ẹ̀wù idẹ Gòláyátì jẹ́ kílò mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Màmá Lábísí pariwo látẹ̀yìn pé, "Yéè! Ọkùnrin yẹn gbé àpò kòkó wọ̀ bí agbádá!" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣí eyín, ṣùgbọ́n eyín lásán ni. Látọjọ́ náà, bí ọmọdé bá rí i lọ́nà, wọn á sáré tẹ̀lé e, "Tíṣà Ṣékélì! Tíṣà Ṣékélì!" Èmi tí mo kọ́ bàbá wọn, "Ẹ káàárọ̀, sà" gbígbẹ ni tèmi. Ìyàwó mi Ọmọ́lẹ́yẹ gan-an dúró nídìí ọbẹ̀, ó ń bi mí pé ṣékélì iyọ̀ mélòó ni kí òun fi sí i. N kò jẹ ọbẹ̀ náà.

Ní 1988, wọ́n ní àlùfáà àgbà ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀ wá yan olórí Ilé Ẹ̀kọ́ náà láàárín èmi àti Sylvanus. Sylvanus gbé òkúta odò kan wá sí ìsọ̀ mi ní ọ̀sán Sátidé, kí ó lè fi kọ́ni níwájú àlùfáà lọ́jọ́ kejì. A gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré tí mo fi ń yẹ kòkó wò, ó ń ha á díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró lórí ẹgbẹ̀ta gíráàmù ó dín ọgbọ̀n. Mínà kan géérégé. Ó yá ọ̀dà tí mo fi ń sàmì sápò kòkó, ó kọ "50" sí i. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ dọ̀la. Ilé mi kún fọ́mọ, wọ́n á fi ṣeré. Ẹ̀yin ni mo fọkàn tán." Ó lọ. Mo wo òkúta náà títí. Mo bá sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, mo ṣa irú rẹ̀ tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, mo fi ọ̀dà kan náà kọ "50" sí i. Mo ti èyí tòótọ́ sábẹ́ ibùsùn mi. Ẹ̀jẹ̀ sínú, itọ́ funfun sóde.

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo fa òkúta kejì yìí lé Sylvanus lọ́wọ́. Èmi fúnra mi ni mo sì gbé òṣùwọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà gbé òkúta lé e: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin gíráàmù ó lé. Ó gbé e kúrò, ó tún un gbé. "Tíṣà, èwo la ó gbà gbọ́, ìwé rẹ ni àbí òṣùwọ̀n?" Òógùn bo Sylvanus. Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n Fàsásì, ṣebí ẹ̀yin lẹ bá mi wọ̀n ọ́n lánàá? Ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn." Ẹ̀yin ará mi, mo ṣì lè yí padà níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo tún ẹ̀wù mi ṣe, mo ní, "Lánàá? N ò rí ọ lánàá, àbúrò mi. Òṣùwọ̀n mi kì í sì í purọ́." Òkúta tí mo pààrọ̀ kàn dójú tì í ni, gbólóhùn yẹn ló lé e nílùú. Èmi ni àlùfáà yàn. Àwọn ọmọdé wá ń pè é ní "Ṣékélì Èké", kò sì tó oṣù mẹ́ta tó fi kó ìyàwó àti ọmọ padà sí Àkókó. Mo gbọ́ pé kò kọ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹlòmíràn bá mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ bi í léèrè. Ká ní mo béèrè ni, èmi náà ìbá mọ ṣékélì. Mo ti ránṣẹ́ sí Sylvanus. Òun ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn. Àbúrò mi, òṣùwọ̀n nìyí, òkúta rẹ nìyí. Má tíì dárí jì mí. Wá gbé e lé e fúnra rẹ, kí Màmá Lábísí kà á sókè, ohùn tiwọn ló ga jù. Lẹ́yìn náà, jọ̀wọ́, bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i ní ohun tí o bi mí lọ́jọ́ náà.