Ọba Orí Ṣílè Kì í Woni Lójú

Ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà kan l'Aké ni mo wà tí obìnrin kan mú ṣílè àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wá, pé kó yọ́ ọ ṣe yẹtí. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá já wọlé.

“Má dán an wò! Orí ọba Òyìnbó ló wà lára ẹ̀ yẹn. Èkó ni màá tà á sí.”

“Ọba wo? Kò tilẹ̀ dé adé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò ó, ẹ̀gbẹ́ ló kọjú sí. Ẹni tó bá kó ẹrù ẹni lọ kì í lè woni lójú.”

“Ọba ṣáà ni!”

Obìnrin náà fi ṣílè lé alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́.

“Ẹ bá mi yọ́ ọ. Ó jọba títí, kò gbọ́ tiwa. Bó bá ń rọ̀ létí mi, bóyá á gbọ́.”