Aago Ìyàwó Mi Tí Mo Wọ̀ Sínú Ìbọ̀sẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ nígbà tí mo ṣì rántí rẹ̀. Tí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń kánjú. Èmi Japheth, tí gbogbo ìjọ wa ní Thamesmead ń pè ní Daddy Japheth, tí mo wa bọ́ọ̀sì ní Woolwich fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n láìkọlu ẹnikẹ́ni, mo ṣe ohun kan sí ìyàwó mi tí mi ò lè gbé lọ bá Ẹlẹ́dàá mi ní bòókẹ́lẹ́.

Adébísọ́lá ni ìyàwó mi. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Plumstead Common ló ti ń bu oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọdé kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ tí kò mọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí kì í jẹ. Ọdún kẹrìnlélógójì rèé tí mo ti fẹ́ ẹ, mo ṣì máa ń tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe kí n tó wọ yàrá tó bá wà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tó ń pe Tamílọ́rẹ ọmọ wa ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, Tamílọ́rẹ mú un lọ rí dókítà. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀, Oyèbọ́lá, tí kò tíì pẹ́ tó dé láti Abẹ́òkúta, so aago kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago náà ń ṣọ́ ìrìn rẹ̀ àti oorun rẹ̀. Láràárọ̀, á fi àwòrán márùn-ún hàn án. Tó bá jẹun tán, á ní kó tẹ àwọn tó rí. Ó sì ń fi ibi tó bá wà han Tamílọ́rẹ lórí fóònù.

"Mummy, ẹ má worry," Oyèbọ́lá sọ fún un. "Tí number bá ti ń lọ sílẹ̀, a máa tètè rí i, àá start treatment lásìkò."

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nínú àwòrán márùn-ún, ṣíbí nìkan ni Bísọ́lá rántí. Ó ń wo aago náà, omi dúró sí i lójú. Ẹ̀rù bà mí. Bashiru, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wa bọ́ọ̀sì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló wà báyìí. Bọ́ọ̀sì méjì ni ìyàwó rẹ̀ ń wọ̀ kó tó rí i. Mo ní láéláé, kò sẹ́ni tó máa mú Bísọ́lá kúrò lọ́dọ̀ mi. Nínú ìjọ wa, a kì í fẹnu ara wa pe àìsàn ní tiwa. "Kì í ṣe ìpín wa," mo wí, mo tún ṣe àmín fún ara mi. Mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo sì bá a tẹ àwọn àwòrán náà. Ẹ wo àgbà ọjọ́ orí mi, mo ń jí ìdánwò wò!

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún, ìrìn rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ni mo bá bọ́ aago náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó. Ọjọ́ tí Tamílọ́rẹ bá ń bọ̀ nìkan ni mo ń dá a padà sí i lọ́wọ́. Bísọ́lá ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń so ó.

"Daddy Tamí, ṣé ìjọba ti so aago ọ̀daràn mọ́ yín lẹ́sẹ̀ ni? Kí lẹ jí?"

"Ìwọ lo so mí láti ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn," mo dá a lóhùn.

A jọ rẹ́rìn-ín títí. Oyèbọ́lá á pè, á ní, "Mummy ń try gan-an o," èmi á sì máa yangàn. Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi àwòrán tẹ̀. Mo ní awò ojú mi ló ti gbó.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ní oṣù kẹwàá, oorun gbé mi lọ lórí àga. Nígbà tí mo jí, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, òjò ń rọ̀, Bísọ́lá kò sí. Mo pe Tamílọ́rẹ.

"Daddy, ẹ calm down. Watch sọ pé ilé ni Mummy wà. Ẹ check toilet. Ẹ check wardrobe."

Ẹ̀yin èèyàn, mo check wardrobe. Èmi tí aago wà lẹ́sẹ̀ mi, mo ń ṣílẹ̀kùn kan tẹ̀lé òmíràn, mo ń pariwo "Bísọ́lá! Bísọ́lá!" sínú aṣọ, kí ọmọ mi lè gbọ́ mi lórí fóònù. Gbogbo ìgbà yẹn, òjò ń pa ìyàwó mi níta. Nínú gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi, èyí ló burú jù.

Mo jáde, mo ń sáré wá a kiri. Fóònù tún dún.

"Daddy, mo ti rí wọn! Wọ́n ń lọ sí Abbey Wood station! Mo ti wà nínú car, mo ń bọ̀!"

Ẹkún ayọ̀ ló ń sun. Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Ó dé, ó dúró níwájú mi, ó wo fóònù, ó wo ẹ̀yìn mi.

"Daddy, where's Mummy? Ó ní ibí ni wọ́n wà."

Mo jókòó ní ibùdó bọ́ọ̀sì, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo fa ìbọ̀sẹ̀ wálẹ̀. Tamílọ́rẹ kò pariwo. Ì bá kúkú pariwo. Ó kàn ní, "Ẹ wọ car."

Jethro, ẹni tó ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí Bísọ́lá ti ṣiṣẹ́, ló pè wá. Sálúbàtà inú ilé ni Bísọ́lá wọ̀ tó fi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Nígbà tí a dé, ó ń gbọ̀n nínú kóòtù Jethro, ó sì wò mí bí ẹni pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́. "Daddy Tamí, ebi ń pa àwọn ọmọ," ó wí. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò ní ọsibítù nítorí òtútù tó wọ̀ ọ́ láyà.

Nígbà tó sàn, a jọ lọ bá Oyèbọ́lá, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò bú mi. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń wò.

"Daddy, láti March, ẹ̀yin lẹ̀ ń wọ̀ ọ́? Ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ àwọn picture?"

"Èmi ni."

Ó fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. "Láti August ni number yìí ti ń lọ sílẹ̀. A ti fẹ́ pe Mummy wá fún un. Daddy, ẹ má bínú. Ẹ̀yin gan-an la ti ń rí níbí."

Ojú mi ṣókùnkùn. Bísọ́lá ló di ọwọ́ mi mú. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn ní tiwọn," ó ní, "kí wọ́n dá tèmi padà."

Àwa méjèèjì la ń wọ aago báyìí, a sì jọ ń gba ìtọ́jú. Oyèbọ́lá kò fi í pamọ́ fún mi pé oṣù méje tí mo fi ṣòfò lè jẹ́ oṣù tí ìtọ́jú ì bá ti ṣiṣẹ́ jù fún Bísọ́lá. Kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbé e lọ síbì kankan tẹ́lẹ̀. Olùtọ́jú kan ń wá láràárọ̀, ohun tí à bá ti béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ má fi ìfẹ́ bo àìsàn òbí yín mọ́lẹ̀ bí mo ṣe bo ti ìyàwó mi.

Àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ bẹ Bísọ́lá. Àràárọ̀ ló ń dárí jì mí, á ní kí n dìde kí orúnkún mi má bàa dùn mí. Tó bá di ọ̀sán, á ti gbàgbé, nítorí náà mo tún ń bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kan tí èmi náà gbàgbé láti bẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé yìí, kí ẹ kà á fún àwa méjèèjì.