Kútọnu Ni Mo Ní Mò Ń Lọ

Halelúyà! Ẹ̀yin ará, ohùn yín ò jáde. Ọba tó mọ ibi tí ọmọ mi wà nígbà tí èmi ìyá tó bí i ò mọ̀, ṣé Halelúyà tó tó O nìyẹn? Halelúyà! Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó. Èmi ni kí n dúró.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Bọ́láńlé aláṣọ, tó ń gbé Amoutivé. Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́. Màá gbìyànjú, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí gùn lọ́kàn mi.

Ẹ rántí bí Lomé ṣe rí nígbà náà. Gbogbo ìlú daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjà tì, báńkì tì, ilé-ìwé tì. Àwọn kan ní ìjọba tiwa-n-tiwa làwọn fẹ́, àwọn ṣọ́jà ní irọ́ ni. Mo jókòó sílé láàárín aṣọ tí n ò rí tà, àyà mi ń já ṣáá. Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi. Mo bá lọ rí dókítà ní Tokoin. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó tún un wọ̀n, ó yọ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, "Madame, ta ló ń lé yín?"

Mo ní, "Dókítà, kò sẹ́ni tó ń lé mi."

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kúrò ní ìlú yìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin nìkan. Ẹ má mú ọmọ dání, ẹ má mú ọjà dání. Tí ẹ ò bá sinmi, ọmọ yín ló máa jìyà rẹ̀."

Ó kọ ọ́ síwèé fún mi, ó sì júwe ibì kan lókè Kpalimé, nínú igbó kìjikìji. Wọ́n kọ́ àwọn ahéré síbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sinmi. Òyìnbó ló ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń lọ wo labalábá. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Labalábá ni mo wí. Àmọ́ látìgbà tí ìlú ti dàrú, òyìnbó ò wá mọ́, ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́.

Ibí yìí ni mo ti ṣì í ṣe o. Ẹ kúkú mọ àwa Yorùbá. Tí a bá ń lọ sí Ìbàdàn, Ìlọrin la máa wí. Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn: "Má fi gbogbo ẹnu sọ ibi tí ò ń lọ, ògiri létí." Yàtọ̀ síyẹn, ojú ń tì mí. Èmi opó, kí n sọ fún èèyàn pé mò ń lọ sanwó sùn nínú igbó torí pé ó rẹ̀ mí? Wọ́n á ní ọpọlọ mi ti yí. Bí mo ṣe mú Bọ́láńlé lọ bá Àlájà tí a jọ ń gbé inú àgbàlá kan náà nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi kó tó kú. Mo ní, "Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó o. Mo fẹ́ sáré dé Kútọnu lọ wo ọjà. Ọjọ́ Ajé ni màá dé."

Àlájà ní, "Kútọnu? Nínú wàhálà tó wà nílẹ̀ yìí? Ọ̀dọ̀ ta lo máa dé sí?"

Mo ní, "Ọ̀dọ̀ oníbàárà mi ni, ní ọjà Tọ́kpá."

Ẹ gbọ́ mi? Irọ́ àkọ́kọ́ ò tíì tutù tí mo fi pa èkejì. Ọmọ mi dúró níbẹ̀, ó ń wò mí lẹ́nu.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé inú igbó Kpalimé yẹn. Kí n má tún purọ́, ibẹ̀ dára! Igi ga débi pé ọrùn á dun ẹni tó bá fẹ́ rí orí rẹ̀. Omi ń ṣàn lẹ́yìn ahéré mi. Bàbá kan ló ń tọ́jú ibẹ̀, ọmọ ẹ̀yà Ewe ni, Fofo Kọmi ni wọ́n ń pè é. Ó gún fùfú fún mi, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sùn lọ́sàn-án gangan. Èmi! Nígbà tí mo jí, n ò mọ ibi tí mo wà.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ẹsẹ̀ bọmi, mo ń wo labalábá, mo ń rẹ́rìn-ín ara mi. Ni Fofo Kọmi bá jáde, rédíò kékeré wà létí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Dada," bí wọ́n ṣe ń pe ìyá nìyẹn, "wọ́n ń yìnbọn ní Lomé. Èèyàn ń kú. Wọ́n ní gbogbo ìlú ló ń sá."

Mo ní, "Sá lọ síbo?"

Ó ní, "Àwọn kan sí Ghana, àwọn kan sí Benin."

Jésù! Ọmọ mi! Kò sí fóònù, kò sí ọkọ̀. Mo di ẹrù mi, mo fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ òkè náà títí mo fi dé Kpalimé. Gbogbo onítaksí tí mo bẹ̀ ló ń bi mí bóyá ikú ń pè mí. Sátidé kọjá. Ọjọ́ Àìkú kọjá, ibùdókọ̀ ni mo wà, n ò jẹ, n ò mu. Ní ọjọ́ Ajé, awakọ̀ kan tó ní ọmọ ní Lomé bíi tèmi ní òun ń lọ, ohun tó bá wù kó ṣẹlẹ̀. Mo bá a wọkọ̀.

Àwọn ṣọ́jà dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Mo ní, "Inú igbó ni, ọ̀gá."

"Kí lo lọ ṣe nínú igbó?"

"Mo lọ sinmi ni."

Ẹ̀yin ará, òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo máa sọ láti ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, kò sì gbà á gbọ́! Ó ní, "Gbogbo èèyàn ń sá kúrò ní Lomé, ìwọ ń lọ síbẹ̀. O lọ sinmi nínú igbó. Ta ló rán ẹ sí àwọn ọlọ̀tẹ̀? Kúnlẹ̀!" Mo kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà gbígbóná. Ó da àpò mi sílẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ mi fọ́n ká, n ò wò ó. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń sọ ni, "Olúwa, jẹ́ kí n rí ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa mí tó bá wù wọ́n." Ló bá rí ìwé dókítà. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní, "Repos," ìsinmi nìyẹn lédè Faransé. Ó mí kanlẹ̀, ó ju ìwé náà sí mi. "Kó ẹrù ẹ. Lọ."

Ẹ bá mi dúpẹ́! Ẹ máa dúpẹ́ lọ, mi ò tíì délé.

Mo dé Amoutivé, àdúgbò dákẹ́ bí ìgbà tí kò séèyàn láyé. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà Àlájà. Bàbá onílé nìkan ló kù, tó ní òun ti dàgbà ju ẹni tó ń sá lọ. Ó ní, "Ìyá Bọ́láńlé? Kí lo wá ṣe níbí? Àlájà ti gbé ọmọ ẹ lọ sí Kútọnu láti Sátidé. Ó ní o wà níbẹ̀ tí ò ń dúró dè wọ́n."

Yéè! Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ kan! Mo fi ẹnu ara mi ju ọmọ mi sí ilẹ̀ àjèjì.

N ò mọ bí mo ṣe dé bọ́dà. Èèyàn bí eéṣú, ẹní lórí, ọmọ lẹ́yìn, àgbà ń sunkún bí ọmọdé. Mo kọjá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dé Tọ́kpá lọ́dọ̀ oníbàárà mi. Ó rí mi, ó lanu. Ó ní, "Wọ́n wá síbí lánàá, ìyá kan àti ọmọbìnrin kékeré. Mo ní a ò rí ẹ láti oṣù tó kọjá. Ọmọ yẹn jókòó sílẹ̀, kò fẹ́ dìde."

"Níbo ni wọ́n gbà?"

"N ò mọ̀. Ìyá yẹn fà á lọ́wọ́, wọ́n wọ inú èrò."

Mo bú sẹ́kún láàárín ọjà. Mo ní, "Olúwa, èmi ni mo purọ́. Na èmi, má na ọmọ." Ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ ìpè ìrun ọ̀sán. Nǹkan kan sì sọ sí mi lọ́kàn! Ọdún mẹ́fà tí a ti jọ ń gbé, Àlájà ò pa ìrun jẹ rí. Àìsàn ò dá a dúró, òjò ò dá a dúró, ìbọn ò ní dá a dúró. Mo dìde. Mo béèrè mọ́ṣáláṣí tí àwọn Yorùbá ti ń kírun. Àkọ́kọ́, wọn ò sí níbẹ̀. Ìkejì, wọn ò sí níbẹ̀. Àárẹ̀ ti mú mi, ìrun Àsárì ti ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí mo dé ìkẹta. Ọmọ kékeré kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn obìnrin, ó gbé bàtà àgbà sórí itan, ó fi ìborùn bo orí. Díẹ̀ ló kù kí n kọjá lára rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì?"

Pásítọ̀, ẹ má bínú. Mọ́ṣáláṣí ni Jésù ti dá mi lóhùn! Mo ṣubú lé e, mo gbá a mọ́ra, mo ń pariwo, wọ́n ní kí n dákẹ́, èèyàn ń kírun. Bọ́láńlé ò sunkún. Ó tì mí sẹ́yìn díẹ̀, ó wò mí lójú. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ò wá sí Kútọnu rárá. Níbo lẹ lọ?"

Mo sọ fún un. Igbó, labalábá, gbogbo rẹ̀. Àlájà ti jáde, ó dúró lẹ́yìn wa, ó ń gbọ́. Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi pé Kpalimé lo wà, ṣé màá gbé ọmọ ọlọ́mọ kọjá bọ́dà?" Lẹ́yìn náà ni Àlájà bú sẹ́kún. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ fún un, mo gbàgbé pé obìnrin ni mí.

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Olúwa, o ṣé. Ọ̀pọ̀ àga ló ṣófo nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ọ̀pọ̀ ìyá ni kò tíì rí ọmọ wọn. Ìwọ tó wà níbẹ̀ tí ò ń wá ẹnì kan, má sinmi wíwá. Ibi tí o ò ní lọ́kàn ni Ọlọ́run lè pa á mọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìnrìn àjò, kí ẹnì kan ṣoṣo mọ ibi tí ẹ wà. Ẹnì kan péré!

Ẹ̀rí mi ò tíì pé tán, kí n má tàn yín. Títí dòní, tí mo bá ní mò ń lọ ra iyọ̀, Bọ́láńlé á bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé òótọ́ ni?" Ẹ bá mi gbàdúrà sí ìyẹn. Màá máa dáhùn títí kò fi ní béèrè mọ́.

Àlájà ló jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, òun ló di Bọ́láńlé lọ́wọ́ mú. Ó ní òun ò ní bá wa pariwo, àmọ́ òun á ṣe Àmín. Ẹ yíjú sí i, ẹ kí i fún mi. Olúwa á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ tiyín náà, Àlájà mi.

Ẹ gbọ́ Àmín rẹ̀? Halelúyà!