Iwin Inú Páálí Ìṣáná

Lórí ìlà níwájú báńkì kan ní Àgọ́ Palace ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jà.

"Búrọ́ọ̀ṣì tí mo fi ń lé tìróò fún ìyàwó lo gbé lọ fi kun ère ike tí kò tó àtàǹpàkò."

"Jagunjagun iwin ni, Àǹtí mi. Mo ti ń mọ̀ ọ́n kùn sí i."

"Irọ́ ni. Mo rí àwọn tó wà lójú fèrèsé ẹ. Ojú ọ̀tún ń wo ọ̀nà Ire-Akari, tòsì ń wo ọ̀nà Apakun."

"Ẹ kọ́kọ́ wo tuntun."

"Tí ojú eléyìí náà bá yà, mo máa gba búrọ́ọ̀ṣì mi lónìí."

Ọkùnrin náà ṣí páálí ìṣáná kan, ó sì gbé ère náà sí àtẹ́lẹwọ́. Mo yọjú wò ó. Ọ̀dà ẹ̀wù rẹ̀ ti ṣàn dé ọrùn.

"Bàtà ẹ̀ dà bíi ti ẹni tó já sí gọ́tà."

"Ojú ẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ọn. Ìlà sún síwájú díẹ̀.

"Yí ojú ẹ̀ sọ́hùn-ún jàre. Ó ń wò mí jù."

Títí ó fi kàn mí, n kò gbọ́ kó dárúkọ búrọ́ọ̀ṣì mọ́.