Dókítà Raliat Ni Mò Ń Jowú

Alága ìjókòó òní, mo kí yín. Olórí ilé ìwòsàn wa, mo kí yín. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ti Ọ̀yọ́ gbéra láàárọ̀ kùtù, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ kú àdúrà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ fara da ariwo mi, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù, ẹ̀yin aláìsàn wa tí ẹ wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ kú ìfẹ́. Bí mo bá fo ẹnikẹ́ni, ẹ forí jì mí. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, alága ní kí n tó jókòó, kí n dárúkọ ẹni tí yóò gba kọ́kọ́rọ́ láàbù ìwádìí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ lọ́wọ́ mi. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún rèé nínú àpò agbádá mi. Èèyàn méjì ló tọ́ sí: Dókítà Emmanuel tí mo fọwọ́ ara mi kọ́, àti Dókítà Raliat ọmọ Ọ̀yọ́, tó ti ibòmíràn wá bá wa. Mi ò ní purọ́ fún yín lọ́jọ́ ìdágbére. Bí mo ṣe dúró síbí yìí gan-an, mò ń jowú Raliat.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi ni mo fi dojú kọ kókó inú ọpọlọ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìrẹsà, ẹ mọ koríko èékan. Ẹ ro oko tán lónìí, ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, àṣé gbòǹgbò èékan ti rìn jìnnà lábẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kókó yìí. Oníṣẹ́ abẹ a gé e, èyí tí ojú kò rí a sì ti yọ́ wọ inú ọpọlọ tó dáa. Oògùn tó ràn án lára ẹnìkan lè má ràn án lára ẹlòmíràn. Kí a tó mọ ìdí rẹ̀, nǹkan méjì ni a nílò: ègé kókó náà nínú firísà, àti aláìsàn fúnra rẹ̀ tí yóò máa padà wá, kí a lè rí ohun tí oògùn ṣe. Mo kó ègé jọ, firísà kún. Aláìsàn ńkọ́? Wọn kì í padà wá!

Ṣé mi ò tọ́jú wọn ni? Mo tọ́jú wọn. Ṣé mi ò sọ òótọ́ ni? Mo sọ ọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé pé à ń sọ ọ̀rọ̀ ńlá: mo pe olórí ẹbí sí kọ̀rọ̀, mo sọ fún un. Olórí ẹbí a mi orí, a ní, "Ẹ ṣeun, Dókítà, a ti gbọ́. Ẹ má jẹ́ kó dé etí àwọn obìnrin." Wọn a gbé aláìsàn lọ sílé, ó parí.

Raliat dé. Ẹ wo Mùílì, káfíńtà àdúgbò Takie, níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di òòlù mú mọ́. Èmi wà nínú ọ́fíìsì, mò ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àgbà sọ̀rọ̀. Raliat lọ jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Bọ̀dá, ta ní ń po ẹ̀kọ fún yín nílé?" Mùílì na ìka sí ìyàwó àbúrò rẹ̀, ìyá Abdulqoyum, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti fúláàsì. Raliat ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn náà gbọ́?" Mùílì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá là á yé àwọn méjèèjì. Wọ́n padà wá. Wọ́n tún padà wá. Ẹ̀yin ará, olórí ẹbí ní ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìyá Abdulqoyum ní ń gbé aláìsàn wọ kẹ̀kẹ́! Kókó náà kò tíì tán lórí Mùílì, ṣùgbọ́n ó ti ń kan àga. Mùílì, dìde kí wọ́n rí ẹ. Ó tó, jókòó. Ṣé ẹ rí i? Kó tó kí mi, Raliat ló kọ́kọ́ wò!

Báyìí, bí mo bá wọ wọ́ọ̀dù, aláìsàn a na ọrùn kọjá èjìká mi: "Dókítà wa dà?" Èmi wá ni dókítà ta ni? Iṣu ń ti Ìrẹsà wọ ọ́fíìsì Raliat, èmi ń fojú wo iṣu. Wọ́n pè láti Ìbàdàn nítorí ìwádìí wa, òun ni wọ́n béèrè. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Ayọ̀mídé, ẹ ò ṣe bi í bó ṣe ń ṣe é?" Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sá di òwe: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni o. Ṣùgbọ́n ta ló ti fi àkísà wo jẹjẹrẹ sàn rí?

Emmanuel, ọmọ mi, o gbọ́n, o kì í ṣe ọ̀lẹ. Títí di àárọ̀ yìí, orúkọ rẹ ló wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n o jọ mí jù. Bí mo ṣe ń pe olórí ẹbí sí kọ̀rọ̀ nìwọ náà ń pè é. Bí mo bá fún ọ, ara mi ni mo tún fún, àwọn aláìsàn yóò sì máa lọ láìbọ̀. Má bínú sí mi.

Dókítà Raliat, bọ́ síwájú. Má kúnlẹ̀ jàre, kí wọ́n má baà tún rí ohun mìíràn yìn ọ́ sí. Gbà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ pa á kó ròkè. Ẹ má wo ọwọ́ tèmi, kò tíì yá.

Ẹ̀yin àgbà, orí kò ní fọ́ yín. Ẹ̀yin aláìsàn wa, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín rìn. Ẹ̀yin tí mo ṣẹ̀, Ọlọ́run á bá mi bẹ̀ yín. Àdúrà kan ló kù, Raliat ló ni ín. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Lójú ayé rẹ, yóò gbé ọmọ kékeré kan dìde tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí jù ọ́ lọ, tí àwọn aláìsàn rẹ yóò fi ọ́ sílẹ̀ lọ bá a. Yóò dùn ọ́ dé egungun. Ọjọ́ tó bá dùn ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o mọ̀ pé àìsàn yìí ti ń kógbá wọlé. Ẹ bá mi ṣe àmín, kó ròkè ju àtẹ́wọ́ lọ. Ẹ ṣé o.