Ẹ̀rù Ẹnu Alfa

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alfa Yésúfù, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún ilé wa, lọ́jọ́ àdúà ogójì ìyá tó bí wọn, lọ́dún tí a tún òrùlé mọ́sálásí àdúgbò ṣe. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí, ẹ̀yin mùsùlùmí òdodo: ẹni tó ń kọ́ni ní ìmọ̀, kó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ gba ìdáhùn lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Alfa kan wà ní Ìwó, Múnírù lorúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Nígbà tí ìyá àgbà tó ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò kú, Alfa kó àwọn ìyá alásàlátù jọ, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ náà.

"Níbo la ti ń bẹ̀rẹ̀?"

Ìyá Sàwúdátù, tó ń ta òwú, dáhùn: "Orí ni, Alfa."

"Orí? Orí tiyín gan-an ni ká kọ́kọ́ fọ̀, bóyá nǹkan á wọ inú rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Sàwúdátù náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìborùn nu ojú. Ṣé ìyá yìí ṣìnà pátápátá ni? Rárá. Lẹ́yìn àlùwàlá òkú, orí ló kàn. Kí ni ìbá ná Alfa láti wí pé, "Orí ń bọ̀, Ìyá. Kí ló ṣáájú rẹ̀?"

Látọjọ́ náà, bí Alfa bá bi wọ́n léèrè, ẹní tí wọ́n jókòó lé ni wọ́n ń wò.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, Alfa."

Inú Alfa dùn. Ó rò pé ẹni tó dákẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Subuhánáláhì!

Àfi bí ikú ṣe mú ìyá tó bí Alfa lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn ìyá péjọ, omi ti wà nílẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó wọ yàrá tí òkú wà. Wọ́n ránṣẹ́ sí Ẹdẹ, obìnrin tó ń wẹ òkú níbẹ̀ ti rìnrìn àjò. Oòrùn ń ga. Ọkùnrin ni Alfa, kò lè wẹ ìyá rẹ̀.

"Ṣebí mo kọ́ yín?"

Ìyá Sàwúdátù ló fèsì: "Ẹ kọ́ wa, Alfa. Ẹ̀rù ẹnu yín ló ń bà wá. Bí a bá ṣì í, lára ìyá yín ni a ó ti ṣì í."

Alfa wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé ẹnu yàrá náà.

"Ẹ wọlé, ẹ̀yin ìyá mi. Kí la kọ́kọ́ ń ṣe?"

Wọ́n wọlé, ọ̀kan nínú wọn sì fọhùn láti inú yàrá: "Ṣé . . . ká fi aṣọ bo ìhòòhò wọn?"

"Òótọ́ ni. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ó wá kan kí ni?"

"Àlùwàlá."

"Ẹ ti sún mọ́ ọn. Ẹ ronú sí ìdọ̀tí inú."

"Háà, ká rọra tẹ ikùn wọn, ká fi aṣọ wé ọwọ́, ká wẹ ìsàlẹ̀ wọn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, Ìyá Sàwúdátù." Omi ojú ń ṣàn lójú Alfa, ohùn rẹ̀ kò sì le. Báyìí ló ń bi wọ́n, tí wọ́n ń dáhùn, títí wọ́n fi po káńfọ̀ mọ́ omi ìkẹyìn.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ta ni ẹ ti fi ẹ̀rín pa lẹ́nu mọ́? Kí Ọlọ́run fi àánú sí ahọ́n wa, kó má jẹ̀ẹ́ kí ìmọ̀ kú sínú ẹni tí a ń kọ́. Àmín.

Ọjọ́ Àtàláátà, ọjọ́ kejìlá oṣù Ràjábù, ṣáájú ìrun alásàrì, ni wọ́n sin ìyá Alfa.